Bí Mo Ṣe Yan Processor àti RAM fún Kọ̀ǹpútà Géèmù Mi tó Ti Ń Darúgbó

Ẹni tó bá wọ Computer Village n'Íkẹjà lọ ra processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, láìmọ orúkọ motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń wọ̀, tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà ni yóò rà bọ̀, kì í ṣe ohun tó ń wá. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, torí látìgbà tí mo ti tún kọ̀ǹpútà mi ṣe, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó ń gbá géèmù ń bi mí: "Èwo ló dáa jù nínú processor?" Èmi ò mọ èyí tó dáa jù. Èyí tí motherboard yín lè gbà, tí àpò yín ká, tí iná ilé yín sì lè gbé, ìyẹn la lè jọ jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọdún 2018 ni mo to kọ̀ǹpútà yìí. Ryzen 5 1600 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn Ryzen àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ AMD gbé jáde ní 2017, core mẹ́fà, ìyẹn apá mẹ́fà tó ń ṣe ìṣírò, àti thread méjìlá, ọ̀nà méjìlá tí iṣẹ́ ń gbà. Motherboard rẹ̀ jẹ́ B350, irú èyí tí kò wọ́n. RAM rẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí, jẹ́ ẹyọ kan, 8GB, DDR4, ìyẹn ìran kẹrin. GTX 1060 ni graphics card rẹ̀, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù. Nígbà náà, ẹ̀rọ gidi ni. Kò sí géèmù tí mo gbé lé e lórí tí kò gbé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ra graphics card mìíràn, ó sì fi RTX 3060 tó ń lò tẹ́lẹ̀ rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí mi. Mi ò ná kọ́bọ̀ lé e. Mo yọ 1060 kúrò, mo ki 3060 bọ ibẹ̀. Àwọn géèmù tó kún fún àwòrán ńláńlá yí padà lójú ẹsẹ̀: omi ń dán, òjìji igi ń tẹ̀lé oòrùn, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n Counter-Strike 2 kò yí padà rárá. Á sáré díẹ̀, á há. Bí mo bá yọjú ní igun ilé kan, ọ̀tá á ti yìnbọn pa mí kí àwòrán tó tú. Géèmù bọ́ọ̀lù pàápàá, bí èrò bá ti pọ̀ níwájú góòlù, ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa wúwo. Bí graphics card bá lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa, tí géèmù kan kò sì yá ju bó ṣe wà lọ, ibòmíràn ni ìdíwọ́ wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, wọ́n á rí i pé CPU, ìyẹn processor, wà ní ìdá 50 tàbí 60 nínú 100, wọ́n á ní processor ṣì ní agbára nílẹ̀. Iye yẹn, gbogbo thread ni wọ́n rò pọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ àwòrán yẹn, kí ẹ yan "Logical processors", á wá fi thread kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo ṣe é, tí géèmù ń lọ lọ́wọ́, méjì nínú wọn ti ga dé òkè pátápátá, àwọn yòókù ń ṣe fàájì. Graphics card wà ní nǹkan bí ìdá 45. Ìyẹn ni pé ó ń dúró de ẹnì kan.

Ẹ wo bùkà tí ọmọ mẹ́fà ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, àmọ́ tó jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ló ń bu ìrẹsì nídìí ìkòkò. Ẹ lè fi ọmọ mẹ́fà mìíràn kún wọn. Bí ọwọ́ ìyá yẹn bá ṣe yá tó ni oúnjẹ ṣe máa dé orí tábìlì. Processor ni ìyá yẹn. Òun ló ń ṣírò ibi tí ọta ìbọn ń lọ, ibi tí ọ̀tá dúró sí, ohun tó yẹ kí ojú rí, kó tó kó iṣẹ́ náà fún graphics card pé kó yà á. Bí géèmù bá sì di ẹrù tó pọ̀ lé thread kan lórí, iye core kò ràn án. Bí ẹyọ thread yẹn fúnra rẹ̀ bá ṣe yára tó ló kù.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Mo dín bí àwòrán ṣe tóbi kù láti 1080p sí 720p, mo sì bọ́ gbogbo ẹwà géèmù náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ graphics card ló ń fa ìdíwọ́, ó yẹ kí iye frame, àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fò sókè, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti fúyẹ́. Tèmi dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì máa ń já sí 30 bí ìjà bá ti gbóná. Ó hàn gbangba pé processor ni.

RAM náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Pẹ̀lú Windows, Discord, browser tí mo ṣí sílẹ̀ àti géèmù fúnra rẹ̀, 8GB ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Bí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sórí disk. Bí géèmù bá tún wá béèrè fún un, á tún lọ kó o padà. Kò sí bí disk SSD ṣe lè yára tó tí yóò bá RAM dọ́gba. Híhá òjijì yẹn, tí gbogbo nǹkan á ń lọ geere tí á sì ṣàdédé dúró gbagidi, RAM tó kún wà lára ohun tó ń fà á.

Nínú Task Manager kan náà, lábẹ́ Memory, mo rí "Speed: 2133". Ohun tí wọ́n kọ sára RAM yẹn ni 3000. Bí motherboard ṣe ń ṣe nìyẹn: á mú RAM ní ìyára tó dá a lójú pé kò ní fa wàhálà, títí èèyàn yóò fi wọ BIOS, ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, lọ tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá bí wọ́n ṣe kọ sára rẹ̀. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù AMD mìíràn, DOCP ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo tàn án. Àwọn Ryzen 2017 wọ̀nyẹn kì í sábà fẹ́ RAM tó yára púpọ̀. Tèmi kọ 3000, ó gba 2933, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé nínú Ryzen, ọ̀nà tí àwọn apá processor ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní Infinity Fabric, ìyára RAM ló máa ń bá rìn. Bí ẹ bá ń ka èyí tí ẹ ò tíì wo tiyín, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó ná náírà kan.

Pé ó jẹ́ ẹyọ kan tún jẹ́ ìṣòro. DDR4 tó ń sá 3200 lè gbé 25.6GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá dá wà. Bí wọ́n bá di méjì nínú ihò tó yẹ, ó di 51.2GB. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó ní ihò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin ni, tí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor. Mo ti rí ẹni tó ki méjèèjì sí ihò àkọ́kọ́ àti ìkejì tó tẹ̀ lé ara wọn, tó sì ń ṣe kàyéfì pé kò sí ìyàtọ̀.

Nígbà tí mo máa gba Ìkẹjà lọ, mo ti kọ orúkọ motherboard mi sínú fóònù, pẹ̀lú àwọn processor tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó lè gbà. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe motherboard ló máa ń to àwọn processor wọ̀nyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ "CPU Support", wọ́n á sì kọ BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn ló ń pinnu ohun tẹ́ ẹ lè rà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó lè ka orúkọ ogún processor lórí kò tíì ṣí i wò rí.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ wo tower yìí, core i7 ni. Kí lẹ ń lò nílé?"

Mo ní Ryzen 5.

"Ẹ ò wá rí i báyìí? Márùn-ún àti méje, èwo ló pọ̀ jù?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó jẹ́ kí n rí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 yẹn. i7-4770 ni, processor ilé iṣẹ́ Intel, ọjà ọdún 2013, core mẹ́rin, tó jẹ́ pé DDR3 ló ń lò, tí kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Mo ní, "Àbúrò, eléyìí ṣẹ̀gbọ́n tèmi." Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà rà á fún àwọn ọmọ ilé. Kò purọ́ fún mi o. Ohun tó mọ̀ ló ń tà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 ló ń sọ ọjọ́ orí processor, i7 tàbí i5 fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́. Àwọn tower ọ́fíìsì wọ̀nyẹn tún ní àlébù mìíràn fún ẹni tó ń gbá géèmù: power supply, àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, ẹnu wáyà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn ń lò, kò ní rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fi graphics card gidi sí i.

Ọ̀nà tó tún wà ni kí n gbé gbogbo rẹ̀ tì kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láti oṣù kẹsàn-án 2022 ni AMD ti gbé AM5 dé, ihò tuntun tí processor ń wọ̀, tó jẹ́ pé DDR5 nìkan ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ á ra processor, á ra motherboard, á ra RAM, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó lè kó wá láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ire tó wà níbẹ̀ ni pé iwájú ibẹ̀ ṣì gùn. Ká ní graphics card mi le ju 3060 lọ ni, bóyá mi ò bá gbọ̀nà ibẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ ò dúró lójú kan. Kí èèyàn ra nǹkan mẹ́ta nígbà tí ẹyọ kan lè ṣe é, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ihò tí Ryzen 2017 wọ̀, tí wọ́n ń pè ní AM4, AMD ṣì ń gbé processor tuntun jáde fún un ní 2024. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àwọn bọ́ọ̀dù B350 lè lo Ryzen 5000. Ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí àwọn ilé iṣẹ́ motherboard sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé BIOS rẹ̀ jáde. Èyí ló gbà mí. Ó wá ku méjì lójú mi: Ryzen 5 5600 àti Ryzen 7 5700X3D.

Kí n má fi ohun tó dáa ṣe yẹ̀yẹ́: tó bá jẹ́ ti géèmù, 5700X3D ló lọ́lá jù. Core mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni agbára rẹ̀. Cache 96MB ló ní, tí wọ́n to èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lé e lórí, ìlọ́po mẹ́ta 32MB tó wà nínú 5600. Cache ni ibi ìkóhunsí tó wà nínú processor fúnra rẹ̀. Ohun tí géèmù bá bá níbẹ̀, kò ní lọ wá a dé inú RAM mọ́. Dọ́là 249 ni AMD dá lé e nígbà tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2024, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 5800X3D, jáde ní dọ́là 449 ní 2022. Dọ́là 199 ni 5600 fi jáde ní ọdún 2022 kan náà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ dáadáa nígbà tí mo máa rà á.

Ohun tó jẹ́ kí n mú 5600 kì í ṣe owó nìkan. Páálí 5600 ní fáànù nínú. Ti X3D kò ní, ẹ ó lọ wá fáànù gidi rà fún un, torí cache tí wọ́n tò lé e lórí yẹn kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. B350 tèmi kò ní irin tó ń gba ooru lórí apá tó ń fún processor níná. Wátì 65 ni wọ́n kọ sára 5600, iye kan náà tí wọ́n kọ sára 1600 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 105 ni wọ́n kọ sára X3D, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà géèmù. Nínú yàrá mi ní oṣù kẹta, tí iná ìjọba ti lọ, tó jẹ́ ínfátà ló ń gbé kọ̀ǹpútà pẹ̀lú 3060 tó lè jẹ wátì 170 lóun nìkan, gbogbo wátì la máa ń kà. Bí ẹ bá ní amúlétutù, tí ẹ ní sólà tó dúró ire, tí graphics card yín sì le ju tèmi lọ, bí ẹ bá rí X3D, ẹ rà á, ẹ má wẹ̀yìn.

Ẹni tí screen rẹ̀ sì jẹ́ 60Hz, ìyẹn tó ń fi àwòrán ọgọ́ta hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó rọra. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti ń gbé 60 láìhá, kò sí processor tó lè jẹ́ kí screen yẹn fi ju ọgọ́ta lọ hàn án. 144Hz ni tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ìnáwó.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn orúkọ tó jọra. 5500, 5600G, 5600: ní ẹnu ọlọ́jà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, owó díẹ̀ ló sì sábà máa ń wà láàárín wọn. Cache 16MB ló wà nínú 5500 àti 5600G. 5600 ló ní 32MB. 5600G wúlò fún ẹni tí kò ní graphics card rárá, torí ó ní tirẹ̀ nínú. Ẹni tó ti ní graphics card kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows náà dá sí i. Microsoft ti fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Ryzen 1600 kò sì sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. 5600 wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà rántí tan fTPM, ètò ààbò tí Windows 11 ń béèrè fún, nínú BIOS.

Wàyí o, RAM. Nínú ọjà, èyí tó pọ̀ jù ni RAM laptop, èyí kúkúrú, torí laptop lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ti desktop ṣọ̀wọ́n díẹ̀. Ibi kan tí mo dé, wọ́n gbé RAM desktop 16GB jáde fún mi ní iye tó kéré dé ibi pé ara fu mí. Gígùn rẹ̀ bá a mu, DDR4 ni lóòótọ́. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo ka ohun tó wà lára ìwé funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: "2Rx4 PC4-2400T-R". Lẹ́tà R tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ẹjọ́. RAM server ni, tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun. Á wọ inú ihò, kọ̀ǹpútà ò sì ní tàn, torí àwọn motherboard bíi tèmi kì í gba irú rẹ̀. U ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo fi han ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàwé o," ó sì gbé e padà sínú ike. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti rà á kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ibòmíràn ni mo ti ra tèmi: méjì, 16GB kọ̀ọ̀kan, 3200, tí wọ́n jọ wà nínú páálí kan. Mo lè ra 16GB lápapọ̀, ó sì máa tó fún géèmù tí mò ń gbá. Àmọ́ mo máa ń gé fídíò òde fún àwọn ará ilé, ìyàtọ̀ owó méjèèjì kò sì pọ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ kí wọ́n wá pọ̀ látinú páálí kan náà, torí RAM méjì tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè kọ̀ láti bá ara wọn ṣe, bí ohun tí wọ́n kọ sára wọn tilẹ̀ bára mu. Mo bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé bí MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, bá rí àṣìṣe kankan lára rẹ̀, màá dá a padà. Ó ní kò sí wàhálà. Mo gbé MemTest86 sórí flash, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ BIOS ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù bí ẹ bá ń gbé nílùú tí iná ti ń ṣe ségesège. Processor tuntun kò ní tàn lórí BIOS àtijọ́, ẹ ó kàn rí screen dúdú. Nítorí náà, processor àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń fi BIOS tuntun sí i. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, motherboard lè kú pátápátá. Mo dúró títí bátìrì ínfátà fi kún, mo yọ fíríìjì kúrò lórí rẹ̀, mo sọ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fi áyọ́ọ̀nù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù mi sọ pé kí n kọ́kọ́ gba BIOS kan tó wà láàárín kọjá kí n tó dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ wo tiyín, torí ti bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Flash tí mo kó o sí, FAT32, irú ètò flash tí BIOS lè kà, ni mo fi ṣe é. Ìlà kékeré tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn ń rọra gùn lórí screen, èmi náà ò mí dáadáa. Nígbà tó tún tàn, gbogbo ètò BIOS ti padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é nílé iṣẹ́, XMP ti kú, mo ní láti tún un tàn.

Yíyọ processor wá ni iṣẹ́ ọwọ́. AM4 ní ẹsẹ̀ tín-ín-tín 1,331 lábẹ́, kò sì sí irin tó dì í mọ́lẹ̀ bíi ti Intel. Paste tó wà láàárín òun àti fáànù, tó ń gbé ooru kọjá, máa ń gan bó bá pẹ́. Ẹni tó bá kan fa fáànù sókè gírí, processor á bá a jáde kúrò nínú ihò tó tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀. Mo gbá géèmù fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gbóná, kí paste rọ̀. Mo pa á, mo yọ wáyà iná. Mo fi ọwọ́ òsì di irin tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù mú, torí tí mo bá ti tú ìdè fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin yẹn á já sílẹ̀. Mo wá rọra ń yí fáànù náà sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni ń ṣí ìdérí, títí mo fi gbọ́ pé ó ti dẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé e. Processor dúró síbi tó wà. Mo gbé irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò sókè, mo yọ 1600, mo bá àmì onígun mẹ́ta tó wà ní igun 5600 mu pẹ̀lú ti ihò, mo gbé e sílẹ̀. Kò gba agbára kankan. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń tì í, ẹ dúró, ẹ gbé e kúrò, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Paste ti wà lábẹ́ fáànù tuntun láti ilé iṣẹ́, mi ò fi òmíràn kún un.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, screen dúdú fún ìgbà díẹ̀, torí motherboard ń mọ RAM tuntun. Ẹ má sáré pa á. Ó tàn.

Counter-Strike 2 kúrò ní 70 tó ń já sí 30, ó di 140 sókè, kì í sì í sábà wá sí ìsàlẹ̀ 90 mọ́. Híhá tán. Graphics card tó ń dúró tẹ́lẹ̀ ti wá ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù aláwòrán ńlá tí mo ní wọ́n ti dáa láti ìgbà tí 3060 ti dé, iye frame wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Graphics card ló ń dí àwọn yẹn lọ́wọ́, processor ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá jẹ́ irú géèmù yẹn nìkan ló ń gbá, owó processor yìí kò ní ṣe é láǹfààní rárá. Kó fi pamọ́ de graphics card.

Láti ìparí 2025, ọ̀rọ̀ RAM ti di nǹkan mìíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti yí ojú sí ti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe AI, owó rẹ̀ sì fò sókè káàkiri àgbáyé. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Micron, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe RAM, kéde pé àwọn ò ní ta RAM Crucial fún àwa aráàlú mọ́. DDR5 tí AM5 nílò kò yọ sílẹ̀, DDR4 náà gbówó lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní DDR4 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pé kó má tà á, kó sì wá processor tó máa bá a lò.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbọ́ gbogbo ìtàn yìí, ó wá gbé tirẹ̀ dé: i5-7400, core mẹ́rin, thread mẹ́rin, 8GB. Ó ní òun ti rí i8... ó tún un sọ, ó ní i5 ìran kẹjọ tòkunbọ̀, pé ihò LGA1151 kan náà ni. Ihò náà jọra lóòótọ́, iye ẹsẹ̀ rẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n ìran kẹjọ Intel nílò motherboard mìíràn. Lórí tirẹ̀, kò ní tàn. Ibi tí ọ̀nà rẹ̀ parí sí ni i7-7700, core mẹ́rin, thread mẹ́jọ, òun náà kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Mo ní bó bá rí i ní owó pọ́ọ́kú, kó rà á, kó fi 8GB mìíràn kún RAM rẹ̀, kó fi rọra tọ́jú owó. Bó bá wọ́n, kó fi sílẹ̀, kó wá bọ́ọ̀dù AM4 tòkunbọ̀ tó máa gba DDR4 tó ti ní, pẹ̀lú 5600. Ó ní òun á kọ́kọ́ lọ wo Task Manager.